Alága Ẹgbẹ́ Ajẹ̀fọ́

Bí ẹ bá wọ ilé oúnjẹ kan ní Allen Avenue, tí ẹ rí ọkùnrin tó ń fi ọ̀rọ̀ wá ọmọ tó ń gbé oúnjẹ lẹ́nu wò bí ọlọ́pàá, pé ṣé ẹran ò kan ìkòkò náà, ṣé ìgbakọ tí wọ́n fi bu ọbẹ̀ ẹran kọ́ ni wọ́n tún fi bu ẹ̀fọ́, ẹ má bínú sí i. Alága ẹgbẹ́ ajẹ̀fọ́ ni. Kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tó ti pa ẹran tì, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ti ní alága, igbákejì, akápò, ìyá ẹgbẹ́ àti bàbá ìsàlẹ̀. Àǹkárá aláwọ̀ ewé ti wà lọ́dọ̀ télọ̀. Owó ìforúkọsílẹ̀ ti ń wọlé. Ẹni tí kì í jẹ ohun ẹlẹ́mìí nìkan ni wọn ò tíì rí fi kún un.

Ẹ bi í léèrè ohun tó ń jẹ. Yóò ní òun ti fi ẹran sílẹ̀. Ẹja ńkọ́? Ẹja náà ti lọ. Edé ńkọ́? Ibẹ̀ ni yóò ti rẹ́rìn-ín bí àgbà tí ọmọdé bi ní ìbéèrè òmùgọ̀: “Edé kẹ̀? Èyí kì í ṣe ẹran, adùn lásán ni.” Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo adùn yìí, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ náà ń gbé. Adùn yìí ní ojú méjì. Ó ní ẹsẹ̀, tó pọ̀ ju ti màlúù lọ. Ó ń lúwẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́ nínú omi Ìlàjẹ kí àwọ̀n tó kó o, kí wọ́n tó fi èéfín gbẹ ẹ́. Màlúù kan ṣoṣo tí wọ́n pa ní Oko Ọba, ní Agége, lè bọ́ àdúgbò kan; nínú abọ́ edé kan péré, ẹ̀mí tó lọ síbẹ̀ kò lóǹkà. Bó bá jẹ́ pé àánú ẹ̀mí ló lé alága kúrò nídìí ẹran, a jẹ́ pé ìṣirò ni kò mọ̀. Àmọ́ ó mọ ìṣirò dáadáa, ẹ bi akápò. Ohun tí edé fi ṣe é lóore ni pé ó kéré, ó gbẹ, bí wọ́n bá sì lọ̀ ọ́ kúnná, ojú tó fi ń woni á pòórá. Gbogbo ohun tí àlejò lè rí nínú àwo ni alága ti fi sílẹ̀. Láti ibi edé ló ti gbọ̀nà dé ibi omi tí wọ́n fi bọ ẹran, tí í ṣe “omi lásán”, ó sì ti dórí wàrà, nítorí màlúù ò kú. Bí wọ́n bá gbé mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ka iwájú rẹ̀, yóò yọ ẹyin, yóò yọ ẹja, yóò ní ẹ̀mí márùn-ún tó kù kò kan òun.

Àwíjàre rẹ̀ ni pé láìsí edé, ọbẹ̀ ò ní ládùn. Irọ́ ni, ó sì burú kí irọ́ yìí ti ẹnu ọmọ Yorùbá jáde, nítorí irú wà. Igi ló so ó. Wọ́n sè é, wọ́n bó o, wọ́n fi pamọ́ títí ó fi là, kò sí iṣẹ́ tí edé ń ṣe nínú ẹ̀fọ́ tàbí ewédú tí irú kò ti ń ṣe ṣáájú rẹ̀. Kí ló dé tí ẹgbẹ́ kò fi irú sebẹ̀? Ó ń rùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, nínú yàrá ẹlẹ́rọ amúlétutù. Nísàlẹ̀ ilé yìí kan náà, obìnrin kan gbé ẹ̀wà àgànyìn kalẹ̀, ata tó ti dúdú nínú epo pupa, búrẹ́dì Agége lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ń ta àdàlú. Wàrà sóyà ń hó nínú epo lójú títì. Mẹkáníìkì tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ ti jẹun ọ̀sán láìfi ẹran kan ẹnu, kò sì sí ẹni tó fún un ní káàdì ẹgbẹ́.

Ẹnìkan lè sọ pé àìrówó ló mú mẹkáníìkì jẹ ẹ̀wà, pé bí owó bá dé lónìí, ẹran ni yóò rà. Òótọ́ ni, n kò sì sọ ọ́ di wòlíì. Àìrówó lè sọ ìdí tí ẹran kò fi sí nínú àwo, kò lè sọ ìdí tí ẹ̀wà àgànyìn àti ata rẹ̀ fi dùn tó bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n ọwọ́ ni ìyẹn, ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Alága ò lè sọ̀ kalẹ̀ wá kọ́ ọ nítorí pé bó bá kọ́ ọ, kí ni yóò máa gba owó ìforúkọsílẹ̀ lé lórí?

Àwọn mìíràn á ní ìlera ni ẹ̀ ń bá jà, pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ń pa èèyàn, pé kò yẹ kí ẹni tó kó ará jọ sídìí ẹ̀fọ́ rí ìbáwí. Ta ló bá ẹ̀fọ́ jà? Àwọn Adventist dá ilé ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀ ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ní ọdún 1959, èyí tó di Yunifásítì Babcock ní 1999, ilé oúnjẹ ibẹ̀ kì í se ẹran, ọmọ ẹlẹ́ran á sì jẹ ẹ̀wà títí dìgbà ìsinmi. Agége yìí náà ti ní ẹgbẹ́ ewéko rí: ní 1907 ni J. K. Coker àtàwọn olóko ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Agege Planters’ Union sílẹ̀, kòkó àti obì tí wọ́n gbìn ni ẹ̀rí wọn. Kódà àwọn Òyìnbó tí alága ń fi orúkọ wọn lérí, Donald Watson àti ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ tó dá Vegan Society sílẹ̀ ní London ní 1944, ọ̀rọ̀ wàrà àti ẹyin ló mú wọn yà kúrò lára àwọn ajẹ̀fọ́ àtijọ́. Wọ́n ní kò yẹ kí àyàfi wà. Àyàfi ni ti Allen fi bẹ̀rẹ̀.

“Díẹ̀díẹ̀ la ó dé ibẹ̀,” ni alága máa ń sọ. Ẹni tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ọ̀nà níwájú rẹ̀ á máa dín kù. Ti alága ń gùn sí i lóṣooṣù. Ọlọ́bàtálá tí ẹmu jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀ kì í bu ìdajì ife, kó ní òǹgbẹ lòun fi ń pa. Kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò rán aṣọ nítorí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ títí tí wọ́n fi gbé akèrègbè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó sì gbé e kọjá.

Ẹgbẹ́ ajẹ̀fọ́, ní tiwọn, ní ìwé ìnáwó. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀gúsí wà níbẹ̀, epo wà níbẹ̀. Lábẹ́ wọn ni akápò fi lẹ́tà gàdàgbà kọ “adùn” sí, ó sì kọ iye owó rẹ̀, tó ju ti ẹ̀fọ́ lọ. Olóúnjẹ ti mọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an: kó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.