Dígí Kì Í Kúnlẹ̀

Bí wọ́n bá ní kí àwọn tí búláòsì ti dójú tì jáde síwájú, wọn ò ní pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo irú rẹ̀ ló wà nínú àpótí aṣọ mi: èyí tí kì í jẹ́ kí n gbé apá, èyí tí kì í jẹ́ kí n jẹun tán, èyí tó rẹwà títí mo fi jókòó, àti èyí tó jẹ́ pé bí mo bá wúkọ́ pẹ́nrẹ́n, síìpù ẹ̀yìn rẹ̀ á dá mi lóhùn. Kì í ṣe pé mi ò lójú aṣọ o. Ojú gan-an ló kó bá mi. Wọ́n rẹwà nínú fọ́tò, wọ́n rẹwà lára ọmọge inú kálẹ́ńdà tí télọ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n sì rẹwà lára èmi náà níwájú dígí. Àmọ́ ìdúró nìkan ni dígí mọ̀. Bí a ṣe rí nígbà tí a dúró ṣanṣan, tí a fa ikùn wọlé, tí a fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ló ń fi hàn wá, bẹ́ẹ̀ kò sí òde kan nílẹ̀ Yorùbá tí obìnrin ti ń dúró báyẹn pẹ́. Ohun tí mo wá gbà lẹ́yìn gbogbo àṣìṣe wọ̀nyí ni pé iṣẹ́ tí ara máa ṣe lóde ló yẹ ká fi yan búláòsì, kí ẹwà wá tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ìkúnlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí òun ni àwọn tó ń ya sítáìlì kì í rántí. Obìnrin tó bá dé òde, kó tó rí àga, á ti kúnlẹ̀ kí ìyá ọlọ́jọ́, bàbá ọlọ́jọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n wọn, àti àgbàlagbà kan tí kò mọ̀ rí tí ojú rẹ̀ sáà jọ ti ẹbí. Ẹni tí à ń kí wà lókè, àwa wà nísàlẹ̀, a sì tẹríba. Ọrùn búláòsì tó kàn jìn díẹ̀ nígbà tí a dúró, bí a bá ti tẹ̀ síwájú báyìí, á já kúrò lára, á la ẹnu sílẹ̀. Ohun tí a rò pé a fi pamọ́ ni bàbá arúgbó ń bá pàdé láì wá a, tó wá ń ṣe bí ẹni tó ń wo òrùlé. Ọwọ́ wa kan á lọ sí àyà láti di ọrùn aṣọ mú, ìkejì á di gèlè mú, kò wá ní sí èyí tí a ó fi gba owó tí wọ́n fẹ́ fún wa. Ìkúnlẹ̀ ọlọ́wọ́-láyà yìí, mo mọ̀ ọ́n ju ìkúnlẹ̀ gidi lọ. Ọrùn róbótó bùbá àtijọ́, tó sún mọ́ ọrùn ẹni, kò ní wàhálà bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ gbe àwa tí ọrùn wa kúrú, torí gèlè ńlá lókè àti ọrùn aṣọ tó gòkè láti ìsàlẹ̀ á pàdé, wọ́n á sì gbé ọrùn mì. Fún irú wa, ó sàn kí ọrùn aṣọ fẹ̀ sí apá èjìká ju kó jìn sí àyà lọ, tàbí kí wọ́n là á ní tẹ́ẹ́rẹ́ níwájú, kí wọ́n fi bọ́tìnnì kan há a.

Lẹ́yìn ìkúnlẹ̀, apá ló kù. Níbi àríyá, apá kì í sinmi: à ń jó, à ń náwó fún ọlọ́jọ́, à ń tún gèlè ṣe, à ń na ọwọ́ kọjá orí ẹlòmíràn gba àwo jọ̀lọ́ọ̀fù. Ọ̀pọ̀ wa rò pé bí ihò apá bá ṣe jìn tó ni apá á ṣe rọrùn tó. Lára búláòsì tó fún, òdìkejì ni. Bí ihò apá bá wálẹ̀ púpọ̀, ṣe ni apá aṣọ á so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a bá na ọwọ́ sókè, gbogbo aṣọ á tẹ̀lé e, ìdí búláòsì á fò kúrò nínú ìró, ikùn á sì yọjú wá kí àlejò. Ihò apá tó sún mọ́ abíyá láì há a ló ń jẹ́ kí ọwọ́ gòkè kí ara aṣọ dúró síbi tó wà. Bùbá ní tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn: èjìká rẹ̀ wálẹ̀ sórí apá, aṣọ tó sì ṣẹ́ kù lábẹ́ abíyá pọ̀ débi pé ijó á ti gbóná kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara. Kọ́sẹ́ẹ̀tì tó gbòde báyìí kò gba ọ̀nà kankan. Mi ò ní purọ́, ó ń dá ìbàdí yọ. Àmọ́ ike tí wọ́n fi há ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í tẹ̀ bó ṣe yẹ nígbà tí ikùn bá ká. Bí a bá jókòó, á ti àyà sókè, á gún itan nísàlẹ̀, a ó wá wà ní etí àga bí ọmọ tó ń dúró de èsì ìdánwò, a ó máa fi ṣíbí ka ìrẹsì.

Wọ́n á ní fọ́tò ló ń kù lẹ́yìn òde, pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, pé ìnira ọjọ́ kan kò pa ẹnikẹ́ni. Èmi náà ti fi ọ̀rọ̀ yìí tan ara mi jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo fọ́tò òde fúnra rẹ̀. Onífọ́tò kì í ya ìgbà tí a múra dè é nìkan. Á yọ́ wá nígbà tí a lanu gba ẹran, á tún yọ́ wá nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú onílù. Fídíò kò tilẹ̀ fúnni láyè àtiṣe ojú. Bó bá jẹ́ pé ìrínisí là ń tìtorí rẹ̀ wọ aṣọ, orí ijó àti ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń rí wa.

Àtakò tó le ju ìyẹn lọ ni pé bùbá tó tú, aṣọ ìyá àgbà ni, kì í fi ara hàn. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kó rántí ólekú, ìró kúkúrú tó mọ sí orúnkún pẹ̀lú bùbá, tí àwọn ọmọge wọ̀ láwọn ọdún 1960 sí 1970, tó sì tún padà wọ̀lú lẹ́yìn tí Túndé Kèlání gbé fíìmù Ó Le Kú jáde ní 1997, láti inú ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó jáde ní 1974. Kò sẹ́ni tó ṣi àwọn ọmọge inú fíìmù yẹn pè ní ìyá àgbà. Ìró ló ń dá ìbàdí, iṣẹ́ bùbá ni pé kó mọ ibi tó yẹ kó parí sí. Ibi tí etí ìsàlẹ̀ aṣọ bá dúró sí ni ojú àwọn èèyàn á dúró sí pẹ̀lú, òye yìí sì ṣókùnkùn sí mi fún ìgbà pípẹ́, torí ibi tí mo ti fẹ̀ jù lọ ni mo máa ń ní kí télọ̀ gé e sí. Aṣọ fúnra rẹ̀ náà ní ohun tó fẹ́. Ánkárá oníyáàdì 6 kì í nà. Ẹni tó bá fẹ́ kó fún gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ àyè mímí kí wọ́n tó gbé sísọ́ọ̀sì lé e. Aṣọ òkè, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún kí wọ́n tó rán an pọ̀, bí a bá sì gé e ní kọ́rọkọ̀rọ fún ihò apá tó fún, òwú á máa tú. Léèsì oníyáàdì 5, tí àwọn ará Lustenau ní Austria ti ń ṣe ránṣẹ́ sí ọjà wa láti àwọn ọdún 1960, tutù sí ara bó bá jẹ́ òwú. Bó bá jẹ́ ti rọ́bà-rọ́bà, tí a tún fi aṣọ tó nípọn tẹ́ inú rẹ̀, ààrò ni a wọ̀ lọ sóde.

Àwọn òde yòókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹni tó ń lọ kírun kó bẹ̀rẹ̀ wò bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ ò ní ṣí. Ìyá ìkókó kó rí i pé ọmọ lè rí ọmú láì jẹ́ pé wọ́n tú síìpù ẹ̀yìn níbi ìsọmọlórúkọ. Ọ́fíìsì kò gbà ju kí a lè jókòó, kí òógùn abíyá má sì ya àwòrán sára aṣọ.

Ẹ má dá télọ̀ lẹ́bi. Bó bá pẹ́ kó tó gbé aṣọ sílẹ̀, ẹjọ́ tirẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n àwa la fa ikùn sínú lábẹ́ téèpù rẹ̀, àwa la sì ní, “Ẹ jẹ́ kó gbá mi mọ́ra dáadáa.” Ọjọ́ tí a bá lọ dán aṣọ wò, kí a kúnlẹ̀ síbẹ̀, kí a na ọwọ́, kí a jókòó, kí a mí. Àwọn ọmọṣẹ́ á rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n ṣáà fi aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú ojú ìrán tí a lè tú.

Ìyàwó nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn yọ̀ǹda fún, pé ọjọ́ rẹ̀ ni, kó wọ ohun tó bá fún débi tó bá wù ú. Bẹ́ẹ̀ òun lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Níbi ìdána, ta ló ń kúnlẹ̀ tó o? Á kúnlẹ̀ kí àwọn òbí rẹ̀ súre fún un, á kúnlẹ̀ fún àwọn àna, alága ìdúró àti alága ìjókòó á sì tún rí ìdí mìíràn tó fi yẹ kó kúnlẹ̀. Àdúrà àgbà kì í sì í yá. Bàbá á bẹ̀rẹ̀ lórí owó, á kọjá sórí ọmọ, á dé orí ẹ̀mí gígùn, á tún padà sórí ọmọ, torí kò tíì dárúkọ ìbejì. Inú kọ́sẹ́ẹ̀tì oníke ni ọmọ ọlọ́mọ wà ní gbogbo àsìkò yìí, tí kò lè mí dé ìsàlẹ̀, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì sì ká ọwọ́ aṣọ lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń dúró de “Àmín” tó kẹ́yìn kí wọ́n lè bá a dìde.