Lẹ́tà Ṣíṣí sí Bàbá Àgbà Dimetrodon

Bàbá Àgbà,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló wà lẹ́nu ọmọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eyín yẹn dá mi lóhùn.

Kí lẹ ń wá láàárín àwọn dáínósọ̀? Kò sí páálí ohun ìṣeré tí wọ́n kó dáínósọ̀ sí tí ẹ kì í sí níbẹ̀, tí ẹ na ìgbòkun ẹ̀yìn yín sókè bí ẹni tó ni òde. Bẹ́ẹ̀ ẹ ti kú tán ní nǹkan bí 40 mílíọ̀nù ọdún kí àkọ́kọ́ nínú wọn tó dáyé. Olóde ò tíì wà láyé, ẹ ti jókòó sí iwájú!

Mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi rù yín. Ní 1854, onímọ̀ kan, Joseph Leidy, sọ egungun ẹnu kan láti Prince Edward Island ní Kánádà ní Bathygnathus, wọ́n sì kà á sí dáínósọ̀. Ọdún 2015 ni àwọn onímọ̀ tó fi hàn pé ẹ̀yin ni. Bẹ́ẹ̀ onímọ̀ mìíràn, Cope, ti fún yín lórúkọ láti 1878!

Agbárí yín ló tú àṣírí. Ihò méjì ni dáínósọ̀ ní lẹ́yìn ojú. Ẹyọ kan ni tiyín, bíi ti ìdílé àwa tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹ̀yin kọ́ lẹ bí wa, àmọ́ ẹbí baba wa ni yín.

Ìgbòkun yẹn ńkọ́? Wọ́n kọ́kọ́ ní oòrùn lẹ fi ń yá, kí ara yín lè tètè gbóná, kẹ́ ẹ sì ráyè lé ẹran. Lóde òní, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní ṣekárími ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ àkùrákùdà inú odò ní Texas! Àwọn kan nínú egungun ìgbòkun ọ̀hún tiẹ̀ kán, wọ́n sì tún jinná, síbẹ̀ ẹ ò yé yan fanda.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n mú ẹ̀rí ìbátan wa wá, mi ò ní mẹ́nu kan ihò agbárí mọ́. Ìgbòkun ni màá nàka sí.

Èmi ni,
Ọmọ ẹbí yín tó fẹ́ràn òde