Ọ̀gbẹ́ni Àádọ́rin

Ibikíbi tí àwọn tó ń ṣa owó ẹyọ jọ ní Amẹ́ríkà bá ti pàtẹ, ìbáà jẹ́ gbọ̀ngàn ńlá ní Baltimore tàbí yàrá ìpàdé òtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá títì márosẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Àádọ́rin á ti débẹ̀ ṣáájú yín. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Irú èèyàn kan ni. Àpótí tóóró kan wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, ogún ike pẹlẹbẹ ló tò sínú rẹ̀ bíi búrẹ́dì tí wọ́n ti gé sílẹ̀. Owó ẹyọ kan wà nínú ike kọ̀ọ̀kan, lébẹ́ẹ̀lì sì wà lókè rẹ̀ tó ń sọ ọdún tí wọ́n rọ ọ́, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, àti máàkì tí iléeṣẹ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò fún un. Ó so gíláàsì kékeré tó ń mú nǹkan tóbi kọ́rùn bí rẹfirí ṣe ń so fèrè, ṣùgbọ́n lébẹ́ẹ̀lì ló máa ń fi kà. Ẹ bi í pé nínú àwọn iléeṣẹ́ tó ń fún owó ẹyọ ní máàkì, èwo ló ṣe é fọkàn tán, ẹ ò ní parí ọ̀rọ̀ tí yóò fi dáhùn: “Àwọn wọ̀nyí le. Àwọn tọ̀hún ti ń dẹwọ́.” Ìdáhùn náà máa ń dá a lójú débi pé kò sẹ́ni tó ń bi í ní ìbéèrè kejì: kí ló fi ń wọn àwọn tó ń wọn nǹkan? Èrò tèmi ni pé máàkì tí wọ́n fún owó tirẹ̀ ló fi ń wọ̀n wọ́n.

Òṣùwọ̀n tí àwọn iléeṣẹ́ náà fi ń fún owó ní máàkì ní ìtàn tí Ọ̀gbẹ́ni Àádọ́rin kì í fẹ́ gbọ́. William Sheldon, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá tó tún fẹ́ràn owó sẹ́ǹtì ńláńlá ayé àtijọ́, ló gbé e jáde nínú ìwé kan lọ́dún 1949. Ọ̀rọ̀ ọjà ló dá lé lórí: bí sẹ́ǹtì tó ti gbó kanlẹ̀ bá tó dọ́là 1, irú rẹ̀ tí kò ní àbùkù kankan á tó dọ́là 70. Kò pẹ́ tí iye owó ọjà fi yapa kúrò lórí ìṣirò yìí, àmọ́ nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ. Òun ni àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń lò dòní, láti 60 dé 70 ló sì wà fún owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì ná. Lẹ́yìn ikú Sheldon ni àṣírí tú pé ó ti yọ nínú àwọn sẹ́ǹtì tó dáa jù ní àkójọ American Numismatic Society ní New York, ó sì fi tirẹ̀ tí kò dáa tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò wọn. Olè tó gbé kàkàkí ọba ni kò rí ibi tí yóò ti fọn ún. Ẹni tó fi kàkàkí mìíràn sí ipò rẹ̀ ní tirẹ̀ sùn dáadáa. Mi ò fi èyí ba òṣùwọ̀n náà jẹ́. Ohun tó gba Sheldon láyè ni mo ń wò: bí àwọn èèyàn bá ti gbà pé ẹnìkan ti bá wọn wo owó kan, wọn kì í sábà wò ó mọ́.

Ẹ wá wo bí Ọ̀gbẹ́ni Àádọ́rin ṣe ń ṣẹjọ́. Ó fi dọ́là Morgan kan, owó fàdákà Amẹ́ríkà àtijọ́, ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan, ó ń retí 66, 64 ló padà wá bá a. Máàkì kan ṣoṣo lè sọ iye irú dọ́là bẹ́ẹ̀ di ìlọ́po méjì, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé eegun. Ó fi aṣọ ìnura wé ike, ó fi òòlù kàn án létí, ike ṣẹ́, ó yọ dọ́là rẹ̀ jáde bí èkùrọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ó tún fi ránṣẹ́: 65. Ó tún fọ́ ọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, 66 dé, ó sì kéde fún tọ́mọdé tàgbà pé iléeṣẹ́ náà mọṣẹ́. Iléeṣẹ́ kan náà ló wo owó kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, tó fún un ní máàkì mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ iléeṣẹ́ kan dúró sójú kan, ẹ̀rí wo ló tún kù? Ṣùgbọ́n òun ti mú èyí tó kẹ́yìn, torí òun ló ga jù. Bí kò bá dá lébẹ́ẹ̀lì méjì àkọ́kọ́ padà, àkọsílẹ̀ tí iléeṣẹ́ fi ń ka iye owó tó wà ní máàkì kọ̀ọ̀kan á máa ka dọ́là kan sí mẹ́ta, àkọsílẹ̀ yìí kan náà ni yóò sì mú jẹ́rìí lọ́la. Lọ́dún 1990, FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, fẹ̀sùn kan PCGS, ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń fún owó ní máàkì, pé ìpolówó rẹ̀ sọ àsọdùn nípa bí máàkì rẹ̀ ṣe dúró tó. Wọ́n yanjú rẹ̀ láìjẹ́ pé iléeṣẹ́ náà gbà pé òun jẹ̀bi.

Ẹnìkan lè ní mo gbàgbé bí ọjà ṣe rí kí ike tó dé. Mi ò gbàgbé. Oníṣòwò kan náà ni yóò pe owó ní arẹwà nígbà tó bá ń tà á, tí yóò pè é ní ògbólógbòó nígbà tó bá ń rà á padà, ayédèrú sì kún ìgboro. Nígbà tí ANACS bẹ̀rẹ̀ ní 1972, mímọ ojúlówó ni iṣẹ́ rẹ̀. PCGS ní 1986 àti NGC ní 1987 ló wá sọ máàkì inú ike di èdè gbogbo ọjà. Àǹfààní ńlá ni. Àmọ́ nínú mímọ ojúlówó pàápàá, ẹ wo ohun tó fi iléeṣẹ́ tó yẹ ká gbẹ́kẹ̀ lé hàn. Àwọn dọ́là Morgan kan wà tó gbé ọdún 1896, 1900 àti 1902, tí lẹ́tà O tó dúró fún New Orleans kéré jù lára wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń wọ ike bí ojúlówó tó ṣọ̀wọ́n, kó tó di pé PCGS kéde ní 2005 pé ayédèrú àtijọ́ ni wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Àádọ́rin ka ìkéde yẹn sí àbùkù. Èmi kà á sí ìwé ẹ̀rí. Iléeṣẹ́ tó lè dá ara rẹ̀ lẹ́bi ní gbangba, tó sì ní àdéhùn láti san owó àṣìṣe rẹ̀, sàn ju èyí tí a kò gbọ́ àṣìṣe rẹ̀ rí. Tàbí ká mú níkẹ́lì Liberty ti 1913, tó jẹ́ márùn-ún péré láyé. Ọ̀kan nínú wọn wà lọ́wọ́ George Walton nígbà tó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní 1962. Wọ́n sọ fún ẹbí rẹ̀ pé ayédèrú ni, ó sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù fún nǹkan bí ogójì ọdún. Ní 2003, àwọn onímọ̀ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rin yòókù ní Baltimore, wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ní ojúlówó ni. Ó lé ní mílíọ̀nù 3 dọ́là tí wọ́n rà á ní gbàǹjo ní 2013. Níkẹ́lì náà kò yí padà ní gbogbo ọdún yẹn. Àwọn tó wò ó ló ní mẹ́rin mìíràn níwájú wọn.

Àtakò tó tún le láti dáhùn ni pé ọjà kì í purọ́: bí máàkì 65 iléeṣẹ́ kan bá ń pa owó ju 65 iléeṣẹ́ mìíràn lọ, ṣé ìdájọ́ gbogbo ayé kọ́ nìyẹn? Ìdájọ́ ni, mo gbà, ó sì sàn ju ẹnu Ọ̀gbẹ́ni Àádọ́rin lọ. Àwọn oníṣòwò ní ìwé iye owó tí wọ́n ń pè ní Bluesheet, tó ń sọ iye tí wọ́n lè san fún owó inú ike láìfojú rí i, iye náà sì yàtọ̀ láti iléeṣẹ́ sí iléeṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi í wéra pẹ̀lú iye tí wọ́n ń san fún èyí tí wọ́n bá fojú rí: èyí tí wọn ò rí ló máa ń kéré. Àwọn tí lébẹ́ẹ̀lì ń bọ́ gan-an kò fi gbogbo ọkàn tán lébẹ́ẹ̀lì. Abájọ tí John Albanese, tó wà lára àwọn tó dá NGC sílẹ̀, fi gbé CAC kalẹ̀ ní 2007 láti máa yẹ owó tó ti wà nínú ike wò, kí ó sì lẹ sítíkà aláwọ̀ ewé mọ́ èyí tó bá yẹ máàkì rẹ̀. Adájọ́ àwọn adájọ́ dé! Inú Ọ̀gbẹ́ni Àádọ́rin dùn dé ẹ̀yìn ọrùn. Sítíkà náà kéré ju èékánná lọ, òun ló sì kọ́kọ́ ń wá báyìí kó tó ka máàkì. Nígbà tó sì di 2023, CAC náà bẹ̀rẹ̀ sí fi owó sínú ike tirẹ̀.

Wọ́n á ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, owó rẹ̀ ló ń ná. Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní kó má ná an, mo ní kó wo ohun tó ń rà ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan níbi ìpàtẹ, oníṣòwò tẹ́ owó fàdákà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Silver Eagle méjì sílẹ̀ fún un, 69 àti 70, ọdún kan náà, tí ẹni tó bá dìde dúró kò ní mọ èyí tó jẹ́ èwo. NGC ní 70 ni owó tí kò bá ní àbùkù lẹ́yìn tó ti kúrò níbi tí wọ́n ti rọ ọ́, bí a bá fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 5 wò ó. Ìlọ́po 10 ni gíláàsì tó wà lọ́rùn Ọ̀gbẹ́ni Àádọ́rin. Kò gbé e sójú. Ó yọ fóònù, ó tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀, ó rí i pé ó bá a mu, ó kawó lé tábìlì, ó sì ki ike 70 bọ àpótí, kí ojú owó náà máa wo ẹ̀yìn ike kejì.