Ìdílé Tí Orúkọ Kan Ṣoṣo Tó

Nínú àwọn ìdílé ọlọ́lá ilẹ̀ Jámánì, kò sí èyí tí ó ṣọ́ orúkọ ná tó ìdílé Reuss, tí ó jọba ní Greiz àti Gera ní ẹkùn Thuringia, nítorí gbogbo ọmọkùnrin tí wọ́n bá bí ni wọ́n ń sọ ní Heinrich, kí wọ́n lè bọlá fún Heinrich Kẹfà, olú-ọba, èyíinì ni ọba tí àwọn ọba mìíràn ń forí balẹ̀ fún. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀, yálà wọ́n jọba tàbí wọn kò jọba, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ó kú ní jòjòló pàápàá ní tirẹ̀. Ẹ̀ka àgbà nínú ìdílé náà pinnu láti kà dé ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó padà sí ení. Ẹ̀ka àbúrò, tí ó jọ pé ìṣirò tètè ń sú, a máa tún un bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, nígbà tí Heinrich Kẹtàdínláàádọ́rin ti ẹ̀ka àbúrò yìí wàjà ní 1867, Heinrich Kẹrìnlá, ọmọ rẹ̀, ni ó gorí oyè, tí ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò fi rò pé baba ńlá ni ó jogún àtọmọdọ́mọ. Bí ìyá kan bá ké pe Heinrich láàfin, ẹni tí kò ní yíjú ni yóò ṣòro rí. Wọ́n pàdánù ìtẹ́ ní 1918, òfin 1919 sì sọ oyè di ara orúkọ ìdílé lásán, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí wọ́n dẹ́kun kíkà.