Ẹ̀jẹ̀ Ni Mo Tọrọ, Ẹ Gbé Máàtì Wá

Ẹ̀yin ará Màsífà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn tó ń kí mi kú ewu àìsàn ọmọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ni wọ́n dá wa sílẹ̀ nílé ìwòsàn, lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá. Ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ SS ló ní, èyí tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Nọ́ọ̀sì fún wa ní ìwé pélébé kan. Kó máa mu omi dáadáa. Kó máa lo fólíkì, kó sì máa lo Paludrine nítorí ibà. Kó sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn. Kí òtútù má mú un. Kó sinmi. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun, tàbí bí nǹkan bá wú lábẹ́ ìhà rẹ̀ òsì, ẹ máa gbé e bọ̀ kíá. Ó parí. Mo ti kà á tán kí ọkọ̀ tó dé Ẹ̀jìgbò. N kò mọ̀ pé ilé ìwòsàn oní-dókítà mẹ́ta ni mo fi sílẹ̀, tí mò ń lọ sí ti oní-dókítà ogójì.

Ta ló sọ fún ẹbí pé a ti dé? Kí n tó sọ àpò kalẹ̀, ilé ti kún. Télọ̀ ni mí. Inú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ náà la ti ń gbàlejò. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, jókòó lé aṣọ òfì oníbàárà. Aṣọ ìyàwó ni o! Àpò píọ̀ wọ́tà tí mo rà nítorí ọmọ, àlejò ló mu ún tán kí ilẹ̀ tó ṣú. "Oòrùn yìí mà mú o," ni wọ́n ń wí.

Ọmọ tí wọ́n ní kó sinmi, wọ́n ní kó dìde wá kí àwọn àgbà. Ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá lọ́jọ́ kan. Mo kà á. Ẹni tí orúnkún ń dùn ló ń kúnlẹ̀ fún àwọn tó wá bá a kẹ́dùn orúnkún.

Àǹtí wa ti Àbíjàn dé. Ẹ sáà mọ̀ pé agboolé tí kò ní èèyàn ní Àbíjàn ṣọ̀wọ́n lágbègbè Ẹ̀jìgbò yìí. "Yako, yako," ni wọ́n ń wí, bí wọ́n ti ń báni kẹ́dùn lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń mirí. Máàtì mẹ́fà ni wọ́n gbé wá. Wọ́n báni kẹ́dùn títí, wọ́n mu mẹ́rin nínú rẹ̀.

Ìyá Àgbà ní àbíkú ni, kí á yára sọ ọ́ ní Málọmọ́. Ọmọ tó ti wà ní ìwé ilé ẹ̀kọ́! Bàbá Àgbà gbé àgbo jáde nínú ìgò. N kò kẹ́gàn ewé o. Orín àtà tí à ń fi rin ẹnu, láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn ọ̀mọ̀wé wa ní yunifásítì ti ń yẹ̀ ẹ́ wò nítorí àrùn yìí gan-an. Niprisan tí àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí oògùn ní Àbújá ṣe, ọ̀dọ̀ oníṣègùn Yorùbá ni wọ́n ti rí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìyèré àti kànáfùrù wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn wọ̀n ọ́n, wọ́n sì dán an wò. Ta ló wọn ti Bàbá Àgbà? Ìgò náà ṣì ń rùn kẹrosíìnì. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Wọ́n ní àwọn kì í ṣàìsàn.

Wọ́n wá tú ìṣirò kalẹ̀. AS ni èmi, AS ni ìyàwó mi. Nígbà ìdána, ìdílé méjèèjì wádìí wèrè, wọ́n wádìí olè, wọ́n wádìí ẹ̀tẹ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀jẹ̀, èmi náà kò sì bèèrè. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà ní, "Ṣebí ọ̀kan nínú mẹ́rin ni dókítà wí pé yóò jẹ́ SS? Ẹ ti bí ọ̀kan náà. Mẹ́ta tó kù, ẹ máa bí i lọ!" Bàbá, oyún kì í wẹ̀yìn wo èyí tó ṣáájú rẹ̀. Gbogbo oyún ló ń ta tẹ́tẹ́ tirẹ̀ lákọ̀tun.

Ìyá ìyàwó mi nìkan ló bèèrè pé, "Kí ni nọ́ọ̀sì wí?" Wọn kò mọ̀wé. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ abẹ́ ìhà òsì ọmọ náà jẹ́jẹ́, wọ́n á ní, "Kò wú," wọ́n á lọ pọnmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti dùn mí gan-an. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn yòókù ń lò tó 120 ọjọ́. Ti ọmọ mi, 10 sí 20 ọjọ́ ni. Á tẹ̀ bíi dòjé, á há sínú iṣan tóóró, kó tó run. Kí oṣù tó pé, ó ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé. Nígbà tí a ṣì wà nílé ìwòsàn, dókítà ní kí mọ̀lẹ́bí wá fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Tèmi kò wúlò fún un, nítorí AA ni wọ́n ń wá fún ọmọ SS. Mo gbé fóònù. Bàbá Àgbà tí kì í ṣàìsàn ní ibà ń ṣe àwọn. Àbúrò mi ní ìgbéyàwó òun kù sí dẹ̀dẹ̀, òun kò lè dín agbára kù. Àǹtí ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ti di ti Àbíjàn, kò ní bá ti ibí mu. Ìbátan wa tó jẹ́ wòlíì ní òun ti gbàdúrà sí i. Mo ṣe àmín, ṣùgbọ́n àmín kò ṣeé rọ sínú àpò ẹ̀jẹ̀.

Ọlọ́kadà tó gbé wa lóru ọjọ́ tí àìsàn dé, tí kò bá mi tan níbì kankan, òun ló ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. AA ni. Wọ́n fa páìǹtì kan, ó mu máàtì kan, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Òun nìkan ni kò tíì wá kí mi kú ewu. Ó mọ̀ pé òun ti kí mi tán.

Nítorí náà, mo ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ jẹ́nótáìpù yín, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó wọlé, pàápàá àbúrò mi tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le lè fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ má gbé máàtì wá mọ́. Apá ni kí ẹ gbé wá.