Ẹṣin 460 Kò Tó Bùrọ̀dá

Agbára ẹṣin 460 ni Mustang GT ọdún 2018 gbé jáde nílé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n bùrọ̀dá wa kan ní Los Angeles ní kò tó òun; supercharger, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, lòun ń wá. Ṣé twin-screw ni, tó ń gbaná jẹ bẹ́sẹ̀ bá ti kan pẹ́dáàlì, àbí centrifugal, tó fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ sáré dáadáa kó tó rántí iṣẹ́ tó bá wá? Ẹ́ńjìnnì náà ló ń fi bẹ́líìtì yí méjèèjì. Bí alájọ, tiwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ.

Bùrọ̀dá ra èyí tó ní nọ́ńbà ìyọ̀ǹda CARB, àjọ tó ń rí sí afẹ́fẹ́ ní Kalifọ́níà, kó má baà rúfin ibẹ̀. Ó pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn. Lójú ọ̀nà 405, òfin gbà á láyè máìlì 65 ní wákàtí kan. Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ní kó ṣe é ní 15.