Aṣọ Ti Pọ̀ Lára Ọmọdé, Àkísà Dà?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò dé ilé ìtajà àwọn tó ń gun òkè ní Amẹ́ríkà. Ká ní ó débẹ̀ ni, ẹnu ì bá yà á. Ẹ̀wù tí òjò kò lè là kọjá wà níbẹ̀, àpò ìsùn tí wọ́n ki ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ sí wà níbẹ̀, irin eléyín tí wọ́n ń so mọ́ bàtà wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́ tí kò tẹ yìnyín rí á wọlé láàárọ̀; kó tó di ọ̀sán, ó ti múra bí ẹni tí wọ́n bí sórí òkè. Àkísà nìkan ni wọn kì í tà.

Ẹ jẹ́ ká mú òkè Washington ní ìpínlẹ̀ New Hampshire. (Irú àwọn ọ̀dọ́ yìí ni mo ń bá wí o, n kò tọ́ka sí ẹnì kan.) Oṣù Karùn-ún ti dé, òdòdó ti yọ ní Boston, ọ̀rẹ́ mẹ́rin sì pinnu láti fi ọjọ́ mẹ́ta rin orí Presidential Range já, ìyẹn àwọn òkè tí wọ́n fi orúkọ àwọn ààrẹ sọ: Madison, Adams, Jefferson, Washington, Monroe. Ẹni tó bá mọ wàhálà tó wà nínú rírí ààrẹ kan ṣoṣo lójúkojú yóò gbà pé ojúkòkòrò ni kéèyàn fẹ́ gun márùn-ún láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ètò wọn dára lójú. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe é sí, ó ní ìlà, ó ní àwọ̀. Wọ́n wọn gbogbo ẹrù, ẹnì kan tilẹ̀ gé ìdí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ dànù kí àpò lè fúyẹ́. Fóònù ní gbogbo ọ̀nà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 35 lọ. Ẹ pín in sí mẹ́ta, kò tó méjìlá lóòjọ́. Kí ló wá le ńbẹ̀?

Fóònù ò parọ́, kò kàn mọ yìnyín ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù ni àwọn arìnrìn-àjò ti ń tẹ yìnyín ojú ọ̀nà mọ́lẹ̀ títí ó fi ki. Nígbà tí oòrùn ìrúwé bá dé, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló máa ń kọ́kọ́ yọ́. Èyí tí wọ́n tẹ̀ á ṣẹ́kù gbọọrọ láàárín ẹrẹ̀ àti yìnyín tó ti rọ̀, tóóró bí irin rélùwéè. Monorail ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Láàárọ̀ ó le, ó ń yọ̀, láìsí irin eléyín ìdí lèèyàn ó fi sọ̀ kalẹ̀. Lọ́sàn-án ó ti rọ̀. Ẹni tó bá yà kúrò lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ á rì dé itan, nígbà mìíràn omi tútù á sì wà nísàlẹ̀ tó ń dúró dè é. Oòrùn kan náà ló ń sọ yìnyín di omi sínú àwọn odò kéékèèké, tó fi jẹ́ pé odò tí kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ láàárọ̀ lè di ohun mìíràn kó tó dìrọ̀lẹ́. Ibi tí ètò ní kí wọ́n ti jẹun ọ̀sán, ilẹ̀ á ṣú bá wọn kí wọ́n tó débẹ̀.

Ibùsùn ńkọ́? Lakes of the Clouds ni ètò kọ síbẹ̀, ilé ìsinmi tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Monroe, tó ń gba nǹkan bí àádọ́rùn-ún èèyàn. Wọ́n rí àwòrán ọbẹ̀ gbígbóná níbẹ̀. Oṣù Keje ni wọ́n ya àwòrán náà. Nínú oṣù Karùn-ún, àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí wọ́n pàgọ́, àbí? Òfin igbó ìjọba kò gbà kí ẹnikẹ́ni pàgọ́ níbi tó ga ju ibi tí igi ń hù dé, àfi tí yìnyín ilẹ̀ bá nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ẹ wo àwọn ọ̀gá wa lóru, wọ́n ń fi ọ̀pá wọn yìnyín kiri nínú ìjì kí wọ́n má baà rúfin.

Mo ní ìjì. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, ọdún 1934, àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ lórí òkè yẹn wọn afẹ́fẹ́ tó ń sá ní kìlómítà 372 ní wákàtí kan. Títí di ọdún 1996, kò sí ibòmíràn láyé tí wọ́n ti wọn afẹ́fẹ́ ojú ilẹ̀ tó jù ú lọ. Oṣù Kẹrin, ìgbà ìrúwé. Láti ọdún 1849, èèyàn tó lé ní àádọ́jọ ló ti kú sórí àwọn òkè yìí, àwọn kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá. Ìjọba ri pátákó aláwọ̀ òféèfé sí etí ibi tí igi ti tán, pé kí ẹni tí ojú ọjọ́ bá burú fún padà sílé. Àwọn ọ̀rẹ́ wa á dúró níwájú rẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì máa gòkè lọ.

Àkísà òkè ni ọjọ́ téèyàn rí orí òkè lọ́ọ̀ọ́kán tó sì kẹ̀yìn sí i. Kò sẹ́ni tó ń gbé ìyẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò aláwọ̀ mèremère yẹn ní àyè fún kọfí, kò ní àyè fún aago tí wọn yóò yí padà. Tí wọ́n bá bi ògbólógbòó léèrè, tó ní kí wọ́n mú sùúrù di oṣù Keje, wọ́n á ní ìlara ló ń ṣe é. Ẹni tó bá ní sálúbàtà lòun fi gùn ún ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìjọba New Hampshire mọ àwọn èèyàn yìí dáadáa. Òfin wọn fàyè gbà á kí ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ bá kó àwọn adóòlà ẹ̀mí jáde san owó iṣẹ́ wọn. Láti ọdún 2015, wọ́n ń ta káàdì kan, hikeSafe, dọ́là 25 nígbà tó bẹ̀rẹ̀: ẹni tó bá ní in, àìbìkítà rẹ̀ di ìdáríjì, àmọ́ wọ́n ṣì lè gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀mí wewu. Ìdáríjì ṣáájú ẹ̀ṣẹ̀! Àmọ́ n kò bá wọn wí, nítorí owó náà ń lọ fún àwọn tó ń fi èjìká gbé aláìsàn sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò lágbègbè Boston tó ti ra irin eléyín, ẹ bá mi bi í ní aago tí yóò yí padà. Ẹ sọ fún un pé Mount Washington Observatory ń kéde bí ojú ọjọ́ yóò ti rí lórí àwọn òkè náà lójoojúmọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Oṣù Kẹfà ni wọ́n ń ṣí Lakes of the Clouds.